Ta Ni Ó Jẹ̀bi Owó Ayédèrú?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà, tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa kí àwa náà tó fi í lé àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́. Ní ayé ìjọba òyìnbó, nígbà tí a ń ná ṣílè àti kọ́bọ̀, bí owó kan bá bọ́ sí ọwọ́ ènìyàn tí kò dún bí owó, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú, àwọn ènìyàn a máa pè é ní "Ìjẹ̀bú". Wọn kì í wulẹ̀ sọ pé ayédèrú ni. Orúkọ ìlú àti ti ọmọ ènìyàn ni wọ́n fi ń pè é, bí ẹni pé ilẹ̀ kan ṣoṣo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń hù.

Èrò mi ni pé ìdájọ́ náà kò tọ́. N kò sọ pé a kò rí àwọn tí ó rọ owó èké ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú; a rí wọn, ilé ẹjọ́ sì rí wọn. Ṣùgbọ́n owó ayédèrú kì í ní òbí kan ṣoṣo. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ń bí i: aláṣẹ tí ó sọ owó di ohun tí ó rọrùn láti fara wé, ẹni tí ó jókòó nídìí ẹwìrì tí ó rọ ọ́, àti ẹni tí ó mọ̀ pé kò dára tí ó sì fi í fún ẹlòmíràn. Bí a bá mú ọ̀kan nínú wọn, tí a sì jẹ́ kí àwọn méjì yòókù máa lọ sílé wọn, a kò tíì dá ẹjọ́ náà.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa kedere, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí ibi tí kò sí Ìjẹ̀bú kankan, tí kò sí Yàgbà, tí kò sí Ẹ̀gbá, èyíinì ni ilẹ̀ Róòmù àtijọ́.

Gbogbo wa ni a ti mọ owó àwọn ará Róòmù, bí a kò tilẹ̀ fiyè sí i. Nígbà tí a kà á nínú Ìhìnrere pé baálé kan bá àwọn alágbàṣe inú ọgbà àjàrà pinnu owó iṣẹ́ òòjọ́, tàbí pé a mú owó kan tọ Jésù wá tí àwòrán Késárì wà lára rẹ̀, owó kan náà ni. Denarius ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa pè é ní "owó idẹ", ṣùgbọ́n fàdákà ni. Ní nǹkan bí ọdún 211 kí a tó bí Jésù ni àwọn ará Róòmù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́. Ní ayé Késárì Augustus, owó 84 ni wọ́n ń rọ nínú fàdákà tí ó wọn pọ́n-ùn kan ti Róòmù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 4, fàdákà náà sì mọ́ gaara.

Àwọn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ kò pẹ́ rárá kí wọ́n tó rí ọ̀nà rẹ̀. Wọn a gé bàbà ní ìrísí owó, wọn a sì fi fàdákà tí a ti lù pẹlẹbẹ bí ewé wé e yíká. Nígbà náà ni wọn yóò gbé e sínú iná. Bàbà nìkan kì í yọ́ títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 1,085 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Fàdákà nìkan kì í yọ́ títí yóò fi tó 961. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn méjèèjì bá ti fi ara kan ara, wọn a máa yọ́ pọ̀ ní nǹkan bí 780. Nítorí náà, awọ fàdákà a lẹ̀ mọ́ bàbà pinpin, láìjẹ́ pé èyíkéyìí nínú wọn yọ́ tán. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò gbé e sí àárín irin méjì tí a ti fín àwòrán sí, wọn yóò sì fi òòlù lù ú. Ẹni tí ó bá rí i yóò búra pé fàdákà ni látòkè délẹ̀. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ṣe làálàá tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ owó gidi mọ́ amọ̀ rírọ̀, wọ́n sun amọ̀ náà nínú iná, wọ́n sì da irin yíyọ́ sí ojú àmì tí ó wà nínú rẹ̀. A ti hú irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde láti inú ilẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Íjíbítì.

Àwọn tí ń ná owó náà kò sùn. Wọ́n ń gbé e sórí ìwọ̀n, nítorí fàdákà wúwo ju bàbà lọ: bí omi inú ife kékeré kan bá wọn gíráàmù 1, fàdákà tí yóò kún ife náà yóò wọn gíráàmù 10.5, bàbà tí yóò kún un yóò sì wọn nǹkan bí 8.9. Wọ́n ń sọ ọ́ mọ́lẹ̀ láti gbọ́ ìró rẹ̀. Wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé e létí láti wò bóyá bàbà pupa yóò yọ ojú síta. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni yíyẹ owó wò jẹ́ fún àwọn kan ní Róòmù. Ẹni tí ó bá wo owó Róòmù nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí yóò rí ojú ọ̀bẹ náà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí ilà lójú ènìyàn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ eré ni èyí jẹ́ fún mẹ̀kúnnù ìlú náà. Ní nǹkan bí ọdún 85 kí a tó bí Jésù, owó dàrú ní Róòmù tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ iye tí òun ní. Cicero ni ó kọ èyí sílẹ̀. Àwọn ìjòyè jókòó pọ̀ láti ṣe òfin lórí rẹ̀, wọ́n sì fi àdéhùn sí i pé àwọn yóò jọ kéde rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn, Marius Gratidianus, sáré ṣíwájú ó sì dá a kéde. Inú àwọn ará ìlú dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé ère rẹ̀ ró ní gbogbo òpópónà, tí wọ́n ń sun tùràrí tí wọ́n sì ń tan àbẹ́là níwájú rẹ̀. Cicero bá a wí nítorí pé ó tan àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, ó sì tọ́ kí ó bá a wí. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni èmi rí nínú ìtàn yìí. Mo rí bí owó búburú ti jẹ àwọn ènìyàn níyà tó, tí ẹni tí ó ṣèlérí owó rere fún wọn fi di ẹni tí a ń sun tùràrí fún.

Ní ọdún 81 kí a tó bí Jésù, Sulla ṣe òfin líle lórí àwọn tí ń yí ìwé ogún àti àwọn tí ń ba owó fàdákà jẹ́. Ẹ wá wo ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 64 lẹ́yìn ìbí Jésù, Késárì Nero pàṣẹ pé kí a máa rọ owó 96 láti inú pọ́n-ùn kan dípò 84, ó sì fi bàbà lú fàdákà rẹ̀. Nígbà tí Septimius Severus wà lórí oyè, ní òpin ọ̀rúndún kejì, fàdákà inú owó náà kò ju nǹkan bí ìdajì lọ. Ní ayé Gallienus, láàárín ọdún 260 sí 268, owó kan tí a ń pè ní fàdákà wá di bàbà tí fàdákà inú rẹ̀ kò tó 5 nínú 100, tí wọ́n wulẹ̀ fi àwọ̀ fàdákà fẹ́ẹ́rẹ́ kùn lójú.

Mo bi yín léèrè, kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín owó yìí àti èyí tí ọ̀daràn rọ ní kọ̀rọ̀? Bàbà ni inú méjèèjì, fàdákà ni awọ méjèèjì. Ẹni tí ó ṣe é ní kọ̀rọ̀, ẹ̀wọ̀n tàbí ikú ni èrè rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é ní ààfin, àwòrán orí tirẹ̀ ni a fi sí i. Àwọn ènìyàn kò sì ṣàì mọ̀. Tacitus kọ ọ́ ní ọdún 98 pé àwọn ará Jámánì tí ń bá Róòmù ṣòwò lẹ́bàá ààlà fẹ́ràn owó àtijọ́ tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Wọn kò kàwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn mọ ohun tí ó wúwo. Nígbà tí ó yá, ọjà wọ́n gógó dé ibi pé ní ọdún 301 Késárì Diocletian ní láti ṣe òfin tí ó ka iye tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta ọjà kọ̀ọ̀kan jù, ikú sì ni ìjìyà ẹni tí ó bá rú u. Ọba ni ó kọ́kọ́ tú odi wó; nígbà tí olè gba ibẹ̀ wọlé, ó ní kí a gé orí olè.

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sílé wàyí. Kí òyìnbó tó kó owó irin dé, owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń ná. Òun ni àwọn Núpé ti Bídá ń gbà mọ́ ẹrú gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Òkun títí di ọdún 1897. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, 2,000 ni ẹgbàá, 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan. Owó yìí ní ẹ̀bùn kan tí fàdákà Késárì kò ní: kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè rọ ọ́. Ẹran inú òkun ni ó ń fi í ṣe ilé ara rẹ̀, láti erékùṣù Maldives tí ó jìnnà réré ni a sì ti ń kó o wá. Síbẹ̀ ó bàjẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1845 ni àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó irú ẹyọ mìíràn, tí ó tóbi jù, láti Zanzibar wá sí etíkun wa ní ọ̀pọ̀ yanturu, tí iye ẹyọ fi ń wó lulẹ̀ ní ọdọọdún. Ní ọdún 1904 ìjọba fi òfin dé kíkó ẹyọ wọ ìlú. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: owó tí ọ̀daràn kan kò lè rọ ni àwọn olówó àti olọ́kọ̀ pa, láìsí pé ẹnikẹ́ni ni wọ́n mú lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba ipò ẹyọ. Fàdákà inú ṣílè kan kò tó iye ṣílè kan. Èrè tí ó wà nínú rírọ rẹ̀ ń lọ sí àpò ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn ìwádìí ìgbìmọ̀ Emmott, wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1912, kí èrè náà lè jẹ́ ti àwọn ilẹ̀ tí ń ná owó náà. Ní ọdún 1913 owó tuntun jáde, fàdákà gidi ni, 925 nínú 1,000. Nígbà náà ni Ogun Àgbáyé Kìíní jà, iye fàdákà sì gun òkè. Ní ọdún 1920 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dín fàdákà owó ilẹ̀ tirẹ̀ kù sí ìdajì. Ní tiwa, wọn kò dúró ní ìdajì. Láti ọdún 1920 lọ ni ṣílè méjì, ṣílè kan, sísì àti tọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní idẹ.

Ẹ ronú sí i bí alágbẹ̀dẹ ti máa ń rò ó. Ṣílè fàdákà ṣòro láti fara wé, nítorí fàdákà kò sí nílẹ̀. Bí ẹnìkan bá fi òjé tàbí tánganran ṣe é, kì í dún, eyín pàápàá lè tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n idẹ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ará Ìjẹ̀bú ti ń fi ìda oyin mọ nǹkan, tí wọ́n ń fi amọ̀ bò ó, tí wọ́n ń yọ́ ìda náà dànù, tí wọ́n sì ń da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀: ẹdan Ògbóni, ṣaworo, ẹ̀gbà ọwọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dà. Àwọn aṣiṣẹ́ idẹ olókìkí wà ní Ọ̀bọ̀ Ayégúnlẹ̀ pẹ̀lú, tí kò jìnnà púpọ̀ sí wa níhìn-ín ní Ẹ̀gbẹ̀. Ìjọba mú irin tí oníṣẹ́ ọwọ́ ìletò mọ̀ bí ẹni mọ owó, irin tí iye rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì ní kí ó máa jẹ́ ṣílè méjì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé ó fi ẹran sí ẹnu ọ̀nà, tí ó sì ń yà á lẹ́nu pé ajá wá.

Láàárín ọdún 1920 sí 1940 ni ọ̀ràn náà gbóná, pàápàá lẹ́yìn ọdún 1929 nígbà tí iye kòkó àti èkùrọ́ wó lulẹ̀ ní gbogbo ayé, tí owó-orí sì ń béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí kò rí ọjà tà. Àwọn ará Ìjẹ̀bú mọ iṣẹ́ idẹ, wọ́n sún mọ́ Èkó, òwò wọn sì gbé wọn dé ọjà gbogbo. Kò yà mí lẹ́nu nígbà náà pé àárín wọn ni ọ̀pọ̀ nínú ẹjọ́ náà ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́, ìyàn owó àti irin tí ó rọrùn ni ó fa èyí. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé Ọ̀bọ̀ ni ó sún mọ́ etíkun ni, tí Ìjẹ̀bú sì wà ní òkè níhìn-ín, orúkọ àwọn aládùúgbò wa ni à bá máa fi pe owó tí kò dún. Àwọn ará Róòmù tí wọ́n fi fàdákà wé bàbà kò mọ ibi tí Ìjẹ̀bú-Òde wà.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn báyìí pé: "Ìwọ ń fi Ìgbìmọ̀ Owó wé Nero, èyí kò sì tọ́. Owó idẹ náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kó o lọ, Ìgbìmọ̀ yóò fi owó Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní iye kan náà." Òtítọ́ ni èyí, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n fún un. Nero sọ pé fàdákà ni, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé idẹ jẹ́ fàdákà. Owó lè dára láìjẹ́ pé irin rẹ̀ níye lórí, bí ẹni tí ó rọ ọ́ bá ń mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó láti ọ̀dọ̀ ìyá tí ń ta ẹ̀pà lọ́jà Ẹ̀gbẹ̀. Nígbà tí owó jẹ́ fàdákà, ọwọ́ rẹ̀, etí rẹ̀ àti eyín rẹ̀ tó láti dá a mọ̀. Nígbà tí ó di idẹ, ìmọ̀ yẹn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a kò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kò lè rin ìrìn-àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Aláṣẹ jẹ èrè irin tí ó rọrùn. Ìyá ẹlẹ́pà ni ó ru ewu rẹ̀. Ibi tí mo ti rí ẹ̀bi ìjọba gan-an nìyí.

Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n ń sọ pé àwọn arọ́wó èké jẹ́ akọni, pé òyìnbó ni wọ́n ń bá jà. N kò gbà fún wọn rárá. Bí ẹnìkan bá rọ ṣílè ogún ní òru, kì í gbé e lọ bá Ajẹ́lẹ̀ ní òwúrọ̀; Ajẹ́lẹ̀ ní akọ̀wé tí ó mọ owó yẹ̀ wò. Ọjà ni ó ń gbé e lọ, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ojú ti ń ṣú, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fẹ́ tètè délé. Ẹni tí ó bá ọba jà kì í fi òtòṣì ṣe àpáta. Nítorí náà, bí mo ti sọ pé aláṣẹ ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀, n kò sọ pé ẹni tí ó gba ibẹ̀ wọlé kì í ṣe olè.

Mo dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta wàyí, òun ni ó sì nira jù láti sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ó súnmọ́ wa. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ẹ ro ti ọkùnrin kan tí ó jẹ́ ènìyàn rere, tí kò jalè rí, tí ó dé ilé láti ọjà tí ó sì rí i pé owó kan nínú àpò òun kì í ṣe owó. Inú bí i, ó sì tọ́ kí inú bí i. Kí ni yóò ṣe? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò ní jù ú nù. Yóò fi í sí àárín àwọn owó gidi, yóò sì dúró de alẹ́, tàbí kí ó rán ọmọdé lọ ra kẹrosíìnì, nítorí a kì í sábà fura sí ọmọdé. Yóò sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Bí wọ́n ti fún mi ni mo ti fún wọn." Ọkùnrin náà kò ní ẹwìrì, kò ní amọ̀, kò ní idẹ, síbẹ̀, ó ti rọ owó èké ní ẹ̀ẹ̀kejì. Arọ́wó rọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Àwa ni a ń tún un rọ ní gbogbo ìgbà tí a bá mọ̀ ọ́n tí a sì ná an. Èyí tí ó burú jù ni pé a ti fi kọ́ ọmọ tí a rán níṣẹ́.

Ẹ sì ṣàkíyèsí ibi tí ìrìn-àjò owó náà ń parí sí. Ọ̀wọ́ ni ó ń bọ́ láti ọwọ́ ẹni tí ó gbọ́n sí ọwọ́ ẹni tí kò gbọ́n tó o, títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí kò rí ẹnikẹ́ni tí òun lè tàn mọ́: arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, tàbí ọmọ tí ń kiri. Níbẹ̀ ni ó ń dúró sí. Gbogbo àdánù tí arọ́wó, oníṣòwò àti olùfẹ́ ara ẹni ti sá fún, òun nìkan ni ó rù ú.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni èyí nítorí pé a kò ná ṣílè mọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni a ti ń ná náírà, bébà sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bébà kò ní ìwúwo tí ọwọ́ lè mọ̀, kò sì ní ìró. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Pípọ̀ tí ayédèrú ń pọ̀ sí i wà lára ìdí tí ó sọ. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìdí náà kò dára. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Owó àtijọ́ kò tà mọ́, owó tuntun kò tó, àwọn ènìyàn sì ń tò sí ẹnu ọ̀nà báńkì láti òwúrọ̀ di alẹ́, títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi pàṣẹ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ lọ. Nígbà tí a ń lépa arọ́wó, ẹsẹ̀ mẹ̀kúnnù ni a tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kí ni ó wá yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ṣe? Èkínní, ẹ jẹ́ kí a mú yíyẹ owó wò wọ inú ẹ̀kọ́. Pliny tí ó kọ̀wé ní Róòmù ní ọ̀rúndún kìíní sọ ohun kan tí ó dùn mọ́ mi púpọ̀: ó ní àwọn ènìyàn a máa fi ju owó gidi kan lọ ra ayédèrú kan, kí wọ́n lè fi í kọ́ bí a ti ń dá a mọ̀. Àwa kò ní láti ra ayédèrú. Òfin kò tilẹ̀ gbà fún wa láti tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè mú owó gidi wá sí kíláàsì. Kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ kàn án, kí wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n wá okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà nínú bébà náà, kí wọ́n fi ìka wá àmì tí ó ga sókè lójú rẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá lọ sílé, kí ó sì kọ́ ìyá rẹ̀ àgbà. Ní ẹ̀kọ́ ìṣirò, kí a wọn ọ̀bẹ idẹ àti ohun èlò mìíràn nínú omi, kí wọ́n lè rí i pé ohun tí ó jọra lójú kì í fi dandan jọra ní ìwọ̀n.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a fi í ṣe òfin fún ara wa pé ayédèrú tí ó bá dé ọwọ́ wa, ọwọ́ wa ni yóò kú sí. Kí a gbé e lọ sí báńkì tàbí fún ọlọ́pàá. Ó máa ń dunni, pàápàá fún akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè pàdánù 1,000 náírà nítorí òtítọ́, n kò mọ ohun tí yóò fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òtítọ́.

Ẹ̀kẹta kan ìjọba. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú owó èké lọ sí báńkì, a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní gba nǹkan kan padà. Mo mọ ìdí rẹ̀: bí a bá ń san án padà fún gbogbo ènìyàn, àwọn arọ́wó fúnra wọn ni yóò kọ́kọ́ tò sí ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀, ó yẹ kí ọ̀nà kan wà fún arúgbó tí ó mú bébà kan ṣoṣo wá, tí ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ó ti rí i, kí a san díẹ̀ fún un, bí kò tilẹ̀ pé. Ẹni tí ó ń jẹ èrè owó rírọ, kò burú bí ó bá ru díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ tí ń fi ayédèrú pamọ́ sí abẹ́ owó gidi ni yóò mú un jáde sí gbangba, a ó sì tètè mọ orísun rẹ̀.

Ní ti orúkọ "Ìjẹ̀bú" tí a fi pe owó búburú, ẹ jẹ́ kí a jẹ́ kí ó sùn pẹ̀lú àwọn tí ó sọ ọ́. Nígbà tí ọmọ kan bá bi wá nínú kíláàsì pé ta ni ó máa ń rọ owó èké, kí a má ṣe nàka sí ìlú kankan. Kí a sọ fún un nípa Nero àti fàdákà rẹ̀, nípa idẹ ọdún 1920, nípa oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó ta ọgbọ́n rẹ̀ fún ibi. Lẹ́yìn náà, kí a bi òun náà léèrè ohun tí yóò ṣe bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá wà nínú àpò rẹ̀ ní alẹ́ òní, tí ìyá ẹlẹ́pà sì jókòó ní ìkóríta.